Ta Ló Ṣe Ìpinnu? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Fíìmù Tí Obìnrin Jẹ́ Olú Ẹ̀dá-Ìtàn

Láti ìgbà tí a ti kéde pé àwọn fíìmù tí obìnrin jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn wọn ni a ó fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé ti pọ̀ ju ohun tí àyè wa gbà lọ. Márùn-ún ni a mú nínú wọn. A gé àwọn mìíràn kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 16, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 13. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a jọ ń wo àgbéléwò, àbúrò bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí obìnrin inú fíìmù wa kò bá máa sunkún nítorí ọkọ, yóò máa bá orogún jà, bí kò bá sì bá orogún jà, àjẹ́ ni. N kò rí èsì fọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, fíìmù wo ni kí n fi hàn wọ́n?
Ìyá ọlọ́mọge méjì, Òṣogbo

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Mà. Ẹ bá mi kí àbúrò yẹn, nítorí ohun tó rí nínú fíìmù yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti ń wo àgbéléwò láti ogún ọdún kò rí i.

Kí n tó dárúkọ fíìmù kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi máa ń wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin alágbára inú fíìmù ni ẹni tó lè pariwo, tó lè gbá ọkùnrin létí, tàbí tó lè yìnbọn. Èmi kì í fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Ibi tí ìtàn ti yí padà ni mo máa ń wá, tí mo bá sì rí i, màá bi ara mi pé ta ló ṣe ìpinnu tó yí i padà. Bó bá jẹ́ pé ọkọ, bàbá, pásítọ̀ tàbí babaláwo ló ṣe é fún un, èrò inú ọkọ̀ lásán ni obìnrin yẹn, ìbáà jẹ́ ojú tirẹ̀ nìkan ló kún ara pátákó ìpolówó. Ẹ wo fíìmù Thunderbolt: Magun tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 2001. Ngozi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí obìnrin, kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló fi mágùn sí i lára, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń wá bí yóò ṣe là á já. Fíìmù náà dára púpọ̀, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, àánú ọmọbìnrin náà sì ń ṣe mí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àánú yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ yín ń béèrè.

Ọwọ́ Kèlání yìí kan náà ni mo ti fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo Arugbá, tó jáde ní ọdún 2008. Ẹ̀yin ará Òṣogbo kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín ohun tí arugbá jẹ́, nítorí ọdọọdún ni ẹ ń tẹ̀lé e dé etí odò. Adétutù tó wà nínú fíìmù náà, tí Bùkọ́lá Awóyẹmí ṣe, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n yàn láti ru igbá ọdún, àwọn abánijẹ́ sì ń sọ kiri pé kì í ṣe wúńdíá mọ́. Ọmọ yìí ń kàwé, ó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin jọ, wọ́n jọ ń kọrin, kò sì sí ibì kan tí fíìmù náà ti sọ fún un pé kí ó yan ọ̀kan nínú ìwé àti ìṣẹ̀ṣe. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò rí ara wọn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo Máàmi, tó jáde ní ọdún 2011, tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. Fúnkẹ́ Akíndélé ni ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ rẹ̀, Kaṣimawò, nínú òṣì. Ọmọ náà dàgbà di agbábọ́ọ̀lù fún Arsenal, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń dúró dè é bí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ti ń súnmọ́, ṣùgbọ́n ìrántí ìyá rẹ̀ ló gba ọkàn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ọmọkùnrin ni ìtàn náà ti jáde, síbẹ̀ ìyá ló ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó mọ Fúnkẹ́ Akíndélé sí Suliat inú Jenifa nìkan, ọmọ oko tó dé yunifásítì tó fẹ́ di ọmọge ìlú, yóò yà wọ́n lẹ́nu pé ẹni kan náà nìyí.

Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ni Dazzling Mirage, ti ọdún 2014. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, inú ìwé Ọláyínká Egbokhare ni ó sì ti jáde. Fúnmiwò, tí Kẹ́mi Lala Akíndójú ṣe, ń bá àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde yí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ó sì fẹ́ lọ́kọ. Ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà kò fẹ́ ẹ nítorí àìsàn náà. Bí ọ̀rọ̀ jíìnì kò bá tíì wáyé láàrin ẹ̀yin àti ọmọ yín, fíìmù yìí yóò bá yín ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní: ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ jù nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ìyá mi a máa ṣàlàyé gbogbo fíìmù fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ.

Olóòtú wa, mo wo eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo sì mọ̀ pé ìkà obìnrin ni. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ń bá mi jiyàn pé akọni ni. Ta ni nínú wa ló gbọ́ ìtàn?
Bàbá àgbà, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

Bàbá, kò sí ẹni tó purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ìtàn méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ wò ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá sì ṣe Ẹfúnṣetán débi pé orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nínú ti Ìṣọ̀lá, ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó fòfin de oyún láàrin àwọn ẹrú rẹ̀, tó ń bẹ́ ẹni tó bá rú òfin náà lórí, títí Látóòsà, olórí Ìbàdàn, fi kó ogun wọ ilé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sì gbé májèlé jẹ.

Èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòsà kà sí i lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1874 kò mẹ́nu kan oyún ẹrú rárá. Wọ́n ní kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nígbà tó wà lọ́hùn-ún, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀ wálé. Nítorí èyí ni wọ́n fi gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu májèlé. Lóru, ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á, ọwọ́ ẹbí rẹ̀ sì wà nínú ọ̀ràn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó tún ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò, fi hàn wá pé oníṣòwò ńlá ni, ẹni tó ń ta ohun ìjà fún àwọn olórí ogun Ìbàdàn ní àwìn, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ rò ó wò, Bàbá: ta ni ikú ayánilówó máa ń ṣe láǹfààní?

Èmi kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ẹni tó ní ẹrú rẹpẹtẹ kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín mọ̀ pé òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ di ìkà, kí ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé eré ni ẹ wò.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Olóòtú. Èmi àti ẹbí mi wo The Woman King ní ibí. Orí wa wú bí a ti rí àwọn obìnrin adúláwọ̀ yẹn tí wọ́n ń jà. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi, kò sì lè sùn lóru ọjọ́ náà, ó ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀tá. Ọmọbìnrin wa náà wá béèrè bóyá àwa ni a burú. Kí ni òtítọ́ ibẹ̀?
Aya ará Ọ̀yọ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárò ilé, Mà. Baálé yín ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n kí ó má bínú púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí rọ̀ ọ́ lójú: John Boyega, ẹni tó ṣe Ghezo ọba Dàhòmì, ìlú tó wà ní Benin òde òní, nínú fíìmù náà, ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù yín níbẹ̀ sì ni wọ́n bí i sí. Ọmọ wa ló gorí ìtẹ́ ọ̀tá.

Gina Prince-Bythewood ló darí fíìmù náà, tó jáde ní ọdún 2022, Viola Davis sì ni Nanisca, olórí àwọn ọmọ ogun obìnrin. Àwọn ọmọ ogun yìí kì í ṣe àròsọ. Ààfin Àbọ́mẹ̀ ni wọ́n ń gbé, Agojie ni fíìmù pè wọ́n, àwọn Fọn a sì tún máa pè wọ́n ní Mino, tó túmọ̀ sí àwọn ìyá wa. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ láti nǹkan bí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún, pé ẹṣin ni agbára ogun Ọ̀yọ́, àti pé ní ìgbà Ghezo, ní nǹkan bí ọdún 1823, ni ìṣákọ́lẹ̀ náà dópin. Ohun tí fíìmù kò sọ ni pé Ọ̀yọ́ tí wọ́n gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń wó láti inú wá: Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, ilé ti ń dàrú. Ẹni tó bá wo fíìmù náà nìkan yóò rò pé Ọ̀yọ́ alágbára ni Nanisca ṣẹ́gun.

Ibi tí fíìmù náà ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà jù ni ọ̀ràn ẹrú. Wọ́n fi Nanisca hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rọ ọba kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí ó máa ta epo pupa dípò rẹ̀. Dàhòmì gan-an wà lára àwọn tó ń kó ẹrú lọ sí etíkun, àwọn obìnrin ogun yìí sì wà nínú àwọn tó ń lọ mú wọn wá. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun dí etíkun rẹ̀ pa ni Ghezo tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1852. Ọ̀yọ́ náà ta ẹrú, kò sí iyàn jíjà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tún béèrè ẹni tó burú, ẹ sọ fún un pé ìlú méjì tó ń ta ènìyàn ni wọ́n ń bá ara wọn jà, àti pé ọ̀pọ̀ ìran Yorùbá tó wà ní Brazil àti Cuba lónìí, inú irú ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ.

Apá kan wà tí ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́, tí kò sí nínú fíìmù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, ogun Dàhòmì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Àwọn Ẹ̀gbá kò mọ̀. Ìtàn sọ pé ìgbà tí ọwọ́ wọn tẹ díẹ̀ nínú àwọn jagunjagun náà ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni, pé ìtìjú àti ìbínú èyí sì wà lára ohun tó mú wọn lé ogun náà padà. Dàhòmì tún wá ní ọdún 1864, àwọn Ẹ̀gbá tún ṣẹ́gun wọn. Ta ló wà nínú odi tó ń fi ohun ìjà ran ìlú lọ́wọ́? Madam Tinúbú ni, ẹni tí Èkó ti lé jáde, tí Ẹ̀gbá sì fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864 yẹn gan-an. Fíìmù tí èmi ìbá fẹ́ wò ni èyí tí obìnrin wà ní ìhà méjèèjì odi náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè sọ fún ọmọ yín pé ìhà kan ni ti rere.

Síbẹ̀, fíìmù náà kọjá òdiwọ̀n tí mo sọ lókè. Ọba kọ̀ fún Nanisca pé kò gbọdọ̀ lọ gba àwọn tí wọ́n mú ní ìgbèkùn, ó sì lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn ti yí padà, òun ló sì yí i. Bí ẹ bá sì gba Kútọnu kọjá nígbà tí ẹ bá wálé, ẹ mú ọmọ náà lọ wo ère obìnrin ogun tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2022 kan náà; 30 mítà ni gíga rẹ̀, kò ní rí orí rẹ̀ láìgbójú sókè.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan. Ṣé fíìmù Funmilayo Ransome-Kuti bójú mu láti fi hàn àwọn ọmọ kíláàsì mi?
Olùkọ́ ìtàn, Abẹ́òkúta

Ó bójú mu. Bọ́láńlé Austen-Peters ló darí rẹ̀, ó dé ilé sinimá ní ọdún 2024, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé àti Jókẹ́ Silva ló sì pín ipa ìyá náà láàrin ara wọn, ọ̀kan ní ìgbà tí agbára wà, èkejì ní ìgbà àgbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ parí rẹ̀ sí pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò. Mọ́tò kọ́ ló lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ni, àti àwọn ìyá ọlọ́jà tó jókòó síwájú ààfin tí wọ́n ń kọrin èébú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kíyè sí aṣọ rẹ̀ àti èdè rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀mọ̀wé tó kàwé dé Ìlú Ọba yìí fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, ó sì ń fi Yorùbá bá àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè wá ògbufọ̀ fúnra wọn.

Ẹ káàsán Mà. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì. Mo fẹ́ràn King of Boys gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má pè é ní fíìmù tó ń gbé obìnrin ga, pé ọ̀daràn ni Ẹniọlá Sàlámì. Kí ni èrò yín?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi, ọ̀daràn ni lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́. Àmọ́ kí ó sọ fún mi iye fíìmù tí ọkùnrin ti jẹ́ ọ̀gá àwọn jàǹdùkú tí òun ti wò láìbéèrè ibi tí ìwà rere wà nínú wọn. Kẹ́mi Adétìbá gbé fíìmù yìí jáde ní ọdún 2018, ó sì gbé e lé Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé léjìká, abiyamọ tó ti dàgbà, nínú iṣẹ́ tó máa ń fún obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ní ipa ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó nìkan. Ẹniọlá ń wá ipò mínísítà, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọ̀gá ọ̀daràn, ó ń sunkún ọmọ rẹ̀, a sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ láti ojú obìnrin kan náà. Ìyẹn gbé obìnrin òṣèré ga, bí kò bá tilẹ̀ gbé ìwà ga.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yún mi lọ́rùn nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni. Bí obìnrin bá ti lágbára jù, ojú ẹsẹ̀ ni a ó sọ ọ́ di ọba àwọn ọmọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi obìnrin bí ọkùnrin yin ìyá tó kọ́lé, bíi pé ilé kíkọ́ jẹ́ ohun tí wọ́n yá a lò.

Bí o bá fẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní rí ẹnu tako, wá Citation, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní ọdún 2020. Ọgbà yunifásítì tí ẹ ń pè ní Ife níbẹ̀ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, wàá dá àwọn ilé mọ̀. Tèmi Ọ̀tẹ́dọlá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ẹjọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan sun, Jimmy Jean-Louis sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ẹni tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Mọremí ni wọ́n sọ ọmọbìnrin náà, orúkọ tí ẹ̀yin ará Ifẹ̀ mọ ìwúwo rẹ̀. Kò yìnbọn, kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ó jókòó síwájú ìgbìmọ̀, ó ń dáhùn ìbéèrè. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí ẹ jọ wò ó, nígbà tí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń da ìbéèrè bò ó, dá a dúró díẹ̀, kí o ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ dáhùn.